Igi Ààlà ní Ìpàtà

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí ìlú Ìlọrin, kò sí ẹni tí ń gbé ní àdúgbò Ìpàtà tí a ní láti kéde rẹ̀ fún. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fẹ́ wá láti ọ̀nà aṣálẹ̀, ètè ọmọdé a máa là, eruku a sì máa gorí tábìlì bí a ti ń nù ún kúrò. Àwọn tí ń tajà lọ́jà a fi aṣọ bo imú àti ẹnu wọn. Koríko a gbẹ, a sì di pupa. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ènìyàn àti ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ti tẹ̀ a le bí àkúfọ́ ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ń rí títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àgbàlá àwọn ènìyàn yóò rí i pé, láàárín gbogbo gbígbẹ yìí, igi kan wà tí kì í pa àwọ̀ dà. Pèrègún ni. Ó dúró ṣánṣán ní ẹ̀yìnkùlé, ewé rẹ̀ gígùn tutù minimini bí ẹni pé òun kò gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Onísáàmù sọ̀rọ̀ nípa olódodo ní àfiwé igi etí odò tí ewé rẹ̀ kì í rẹ̀. Àwa tí a kò ní odò lẹ́bàá ilé mọ igi tí ó sún mọ́ àfiwé náà. Ọ̀rọ̀ irú igi bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí a ti fi ojú ara wa rí i pé ọ̀rọ̀ kékeré nípa ewéko lè di ìjà ńlá láàárín aládùúgbò méjì, a sì mọ̀ pé ohun tí a gbìn láìbéèrè lè ṣe ọmọ ẹni ní ibi.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀

Ní Ìpàtà, ìdílé onígbàgbọ́ kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Àlàájì kan. A kì yóò dá orúkọ wọn, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti parí, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀. Láti ayé àwọn bàbá wọn ni ọ̀wọ́ pèrègún kan ti wà láàárín ilẹ̀ méjèèjì. Kò sí òkúta ààlà níbẹ̀, kò sí ìwé tí ó fi ẹsẹ̀ bàtà wọn ilẹ̀ náà. Pèrègún ni òkúta, pèrègún náà sì ni ìwé. Ní ọdọọdún, bí ọdún Kérésìmesì bá dé, abọ́ ìrẹsì a gba àlàfo pèrègún kọjá sí ọ̀dọ̀ Àlàájì; bí ó bá sì di ọdún Iléyá, ẹran àgbò a gba ọ̀nà kan náà padà wá.

Ní ọdún kan, lẹ́yìn tí òjò ti ká, baálé ilé onígbàgbọ́ náà gbọ́ ìwàásù kan pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fi pèrègún sí àgbàlá rẹ̀ ti gba Ògún ní àlejò. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó padà dé ilé, ó mú àdá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọ̀wọ́ náà ti wà nílẹ̀. Bí ó ti gbẹ díẹ̀ ni ó dáná sun ún. Kò bá aládùúgbò rẹ̀ sọ ọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé òun ti ṣe iṣẹ́ Olúwa.

Ọyẹ́ ni ó kọ́kọ́ bá a wí. Eruku tí pèrègún ti ń gbà sórí ewé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wọ inú yàrá tààrà. Àwọn ewúrẹ́ tí kì í rí ọ̀nà gbà tẹ́lẹ̀ wọ ebè ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ dé gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n èyí kéré sí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, Àlàájì mú àwọn bíríkìlà wá láti fi búlọ́ọ̀kù mọ ògiri yí ilé rẹ̀ ká. Wọ́n ta okùn. Baálé ilé jáde, ó ní okùn náà ti wọ ilẹ̀ òun. Àlàájì ní rárá, ibẹ̀ gan-an ni ààlà wà. Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ni wọ́n ń jà sí, ṣùgbọ́n ohùn ròkè, àwọn ọmọ ilé méjèèjì sì dẹ́kun láti máa ṣeré pọ̀. Nígbà tí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ dé, abọ́ kankan kò kọjá láti ilé kan sí èkejì.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá Àlàájì, arúgbó tí ó ti ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ìpàtà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó parí ọ̀rọ̀ náà. Ó pe àwọn méjèèjì, ó ní, "Ẹ má mọ ohunkóhun síbẹ̀ títí òjò yóò fi rọ̀. Igi tí ẹ sun, orí rẹ̀ nìkan ni ẹ sun."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọ̀mùnú pèrègún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú ilẹ̀, níhìn-ín ọ̀kan, lọ́hùn-ún ọ̀kan, gbogbo wọn ní ọ̀wọ́ kan. Okùn Àlàájì ti wọ ilẹ̀ baálé ilé ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ibi tí baálé ilé ń pè ní ààlà sì ti wọ ilẹ̀ Àlàájì ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Àwọn méjèèjì ni ó ṣì í. Baálé ilé dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀, tí mo gé igi ààlà láìsọ fún yín." Àlàájì ní, "Dìde, ọmọ mi. Èmi náà ìbá ti mọ ògiri sórí ilẹ̀ rẹ, ǹ bá sì ti búra pé tèmi ni." A kò mọ ògiri náà mọ́. Wọ́n jọ gbin àwọn àlàfo náà padà, wọ́n sì fi àlàfo kan sílẹ̀ fún abọ́ ọdún.

Ǹjẹ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Wà Nínú Igi?

A kò sọ ìtàn yìí láti fi oníwàásù ṣe ẹlẹ́yà, tàbí láti fi ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ wà ní mímọ́ rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ ni pé àwọn abọ̀rìṣà a máa gbin pèrègún sí ojúbọ Ògún. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé ewé akòko ni a máa ń fi sí orí ẹni tí a bá fi jẹ oyè ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Nítorí náà ìbéèrè náà tọ́ láti béèrè: ǹjẹ́ onígbàgbọ́ lè gbin irú igi bẹ́ẹ̀ sí ilé rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí káàdì Kérésìmesì tí a tẹ̀ ní Ìlú Ọba yóò ti rí ewé kan lórí rẹ̀, tí ó ń dán, tí ó ní ẹ̀gún ní etí rẹ̀, tí èso pupa wẹ́wẹ́ sì wà láàárín rẹ̀. Hólì ni orúkọ igi náà. Ní àkókò òtútù ilẹ̀ wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ igi bá ti wọ́wé tán, tí wọ́n sì dúró ní ìhòòhò, hólì a wà ní tútù. Ẹ̀gún rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní ìsàlẹ̀, níbi tí ẹnu ẹran lè dé. Ewé tí ó wà lókè a sábà máa jọ̀lọ̀, nítorí kò sí ohun tí yóò jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ó ní akọ àti abo bí igi ìbẹ́pẹ wa: abo nìkan ni ń so, akọ sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí kí abo tó lè so. Àwọn ẹyẹ a máa jẹ èso náà nígbà òtútù, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ọmọ ènìyàn.

Ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni hólì ti jẹ́ igi onígbàgbọ́? Ó tì o. Kí ìhìnrere tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ará Róòmù a máa fi ewé tútù ṣe ilé wọn lọ́ṣọ̀ọ́ ní oṣù December, nígbà ọdún òrìṣà wọn kan tí à ń pè ní Saturnu. Wọ́n tilẹ̀ gbà pé hólì tí a bá gbìn sí ẹ̀bá ilé a máa lé oògùn burúkú sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gba Kristi, wọn kò fa igi náà tu. Wọ́n fún un ní ìtumọ̀ mìíràn: ẹ̀gún rẹ̀ mú wọn rántí adé ẹ̀gún, èso pupa rẹ̀ mú wọn rántí ẹ̀jẹ̀ Olúwa, ewé rẹ̀ tí kì í rọ sì mú wọn rántí ìyè àìnípẹ̀kun.

Kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe láìronú ni. Ní ọdún 601, Póòpù Gregory kọ ìwé sí Mellitus, ẹni tí ó ń lọ bá Augustine lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìhìnrere láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣì ń bọ òrìṣà nígbà náà. Nínú ìwé náà, ó gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa àwọn ère run, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe wó ilé tí ó dára tí àwọn ère náà wà. Kí wọ́n yà á sí mímọ́, kí wọ́n sì máa sin Ọlọ́run níbẹ̀. Bí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé tí ọwọ́ ènìyàn kọ́ fún òrìṣà, mélòómélòó ni igi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dá?

Àwa pàápàá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìfiyè sí i. Màrìwò ọ̀pẹ ni aṣọ Ògún lẹ́nu àwọn baba wa. Síbẹ̀ imọ̀ ọ̀pẹ kan náà ni à ń gbé lọ sí ilé Ọlọ́run ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, òun náà sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ti fi ṣe ẹnu ọ̀nà wọn lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà Kérésìmesì. Kò sí àlùfáà tí ó pè é ní ìbọ̀rìṣà. Pọ́ọ̀lù Mímọ́, nígbà tí ó ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì nípa ẹran tí a fi rúbọ, kọ́ wọn pé òrìṣà kò jẹ́ nǹkan kan. Bí òrìṣà kò bá jẹ́ nǹkan kan, kò lè gba igi lọ́wọ́ Ẹni tí ó dá a. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kan náà kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi òmìnira wa mú arákùnrin aláìlera kọsẹ̀. Nítorí náà, bí pèrègún bá ń dá ẹnì kan nínú ìdílé rẹ lágara, gbin òmíràn; a óò dárúkọ díẹ̀ nísàlẹ̀. Ohun tí kò tọ́ ni kí a gé ohun tí ó jẹ́ ti ẹni méjì láìsọ fún ẹnì kejì. Òfin Mósè sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọ́dọ̀ ṣí ààlà ọmọnìkejì ẹni. Baálé ilé náà fẹ́ sá fún ẹ̀ṣẹ̀ kan tí kò sí, ó sì bọ́ sínú èyí tí a kọ sílẹ̀.

Ohun Tí A Lè Gbìn

Àwọn kan ti bi wá bóyá a lè gbin hólì funra rẹ̀ ní Ìlọrin. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má ṣe náwó sí i. Igi ilẹ̀ tútù ni. Oòrùn wa àti ọyẹ́ wa kì yóò jẹ́ kí ó gbádùn. Àwọn ìbátan rẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé, irú wọn sì ju 500 lọ. Ewé ọ̀kan nínú wọn ni àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà ń rẹ mu bí tíì, tí wọ́n ń pè ní máté. Ọ̀kan sì wà ní Áfíríkà wa níhìn-ín, láti Sierra Leone títí dé Gúúsù Áfíríkà, ṣùgbọ́n orí òkè gíga àti etí odò tútù ni ó fẹ́ràn. Ẹ jẹ́ kí a lo ohun tí Ọlọ́run fi sí àrọ́wọ́tó wa.

Èkíní ni pèrègún. Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ní nǹkan bí oṣù April tàbí May, gé ọ̀pá rẹ̀ tí ó gùn tó apá ènìyàn. Fi í sí ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ibi tí a gé lè gbẹ, kí ó má bàa jẹrà. Sàmì sí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀pá tí a bá dorí rẹ̀ kodò kì yóò hù dáradára. Rì í bọ ilẹ̀ ní ìwọ̀n ìká ọwọ́ kan, kí àlàfo ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Bí ó bá ga jù, gé orí rẹ̀. Yóò yọ ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta, ọgbà náà yóò sì nípọn sí i. Orí tí a gé náà a tún máa hù níbòmíràn.

Èkejì ni akòko. Òun ga ju pèrègún lọ, òdòdó rẹ̀ sì lẹ́wà. Ọ̀pá rẹ̀ tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni a ń rì mọ́lẹ̀, yóò sì ta gbòǹgbò. Fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí àárín wọn. Má ṣe gbìn ín mọ́ ìpìlẹ̀ ilé tàbí ihò ṣalángá, nítorí igi ńlá ni yóò dà bí a kò bá ń gé e.

Ẹ̀kẹta ni ewúro, tí a kò gbọ́dọ̀ fojú kéré. Ọ̀pá rẹ̀ náà ni a ń gbìn. Bí ìyá ilé bá ń já ewé rẹ̀ sí ìkòkò ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pẹ̀ka. Ó fẹ́ omi díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ tàbí ìrẹsì tó fún un. Bí ó bá wà ní apá inú ọgbà, lẹ́yìn pèrègún, ẹran kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́, kí á bu omi sí ìdí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà ọyẹ́, ní àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí omi má bàa tètè fà, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí koríko náà kan ara igi, nítorí ikán. Kí á sì máa ro ìsàlẹ̀ ọgbà kí ó mọ́, kí ejò má bàa rí ibùgbé níbẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Ògiri líle a máa dá afẹ́fẹ́ dúró lójijì, afẹ́fẹ́ a sì fò kọjá lórí rẹ̀, a wá máa yí kiri ní ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú eruku. Ọgbà ewéko a máa jẹ́ kí díẹ̀ kọjá, a sì pa agbára ìyókù. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má bàa wọ́ ọ lọ. Owó búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì kò sì sí lọ́wọ́ gbogbo ìdílé, ṣùgbọ́n ọ̀pá pèrègún, aládùúgbò yóò fi ta ọ́ lọ́rẹ.

Ìkìlọ̀ Fún Àwọn Òbí

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìhà wa a máa fi lápálápá, tí àwọn mìíràn ń pè ní bòtujẹ̀, ṣe ọgbà, nítorí ewúrẹ́ àti màlúù kì í jẹ ẹ́. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ohun tí ewúrẹ́ sá fún, ọmọdé lè fi sí ẹnu. Hóró rẹ̀ dùn díẹ̀ lẹ́nu, májèlé sì ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tí ó le. Ó sì tún máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní àkókò tí a nílò ibòji rẹ̀ jù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣọ́ra fún dùráńtà, ewéko aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn olódòdó ń tà lẹ́bàá títì, nítorí èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ kò yẹ fún jíjẹ. Olíándà, tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí òdòdó rẹ̀ sì rẹwà, burú jù wọ́n lọ: ewé, òdòdó àti igi rẹ̀ ni ó lè ṣe ọkàn ènìyàn ní ibi.

Bí ọmọ bá jẹ èyíkéyìí nínú wọn, má ṣe fipá mú un bì, má sì ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Nu ẹnu rẹ̀, mú hóró tàbí ewé tí ó jẹ lọ́wọ́, kí o sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró, kí oníṣègùn lè mọ ohun tí ó ń bá jà. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí a tó gbin ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a béèrè orúkọ rẹ̀ àti ìwà rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ọgbà tí ó tutù lọ́dún yíká kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹ̀rí ni láàárín ẹni méjì pé ibí ni tèmi dé, ibí ni tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀, àlàáfíà sì wà láàárín wa. Nígbà tí a kọjá ní Ìpàtà kẹ́yìn, ọyẹ́ ń fẹ́, pèrègún náà sì ti ga dé èjìká ènìyàn. Ní ibi àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀, àwọn ọmọ ilé méjèèjì ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Kí Olúwa kí ó jẹ́ kí ààlà tiwa pẹ̀lú rí bẹ́ẹ̀. Àmín.